Omi Ìṣínu Bàbá Lámídì Tí Mo Dà Nù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi dópin kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹrù kan wà láyà mi tí n kò sọ fún ọkọ mi rí. N kò sọ fún fádà wa náà. Mo máa ń kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké, pé mo bínú, pé mo sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, bí mo bá wá dé orí èyí, màá fò ó, màá sì dìde.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé báyìí ni pé ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ wá sí ilé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kì í ṣe pé wọ́n wá bá mi jà. Wọ́n wá bẹ̀ mí ni.

Ọmọ Pọbẹ̀ ni mí. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi dé Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Lábò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti itọ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò láti mọ àìsàn tó ń ṣe èèyàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, n kò mọ ẹnikẹ́ni. Yorùbá ni èdè wọn, Yorùbá ni tèmi náà, síbẹ̀ bí mo bá ti lanu, wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Bàbá Lámídì ló gbà mí mọ́ra. Wọ́n ti pẹ́ gan-an lẹ́nu iṣẹ́ lábò kí n tó dé, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọmọ wọn ni wọ́n ń pè mí. Bí wọ́n bá ti wa iṣu lóko wọn, ìyàwó wọn á fi tèmi ránṣẹ́. Bí ìyá kan bá gbé ọmọ wá kí a gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, tí ọmọ náà ń ké bí ẹni pé ọ̀run ń ya, Bàbá á kàn sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ sí i létí, ọmọ á dákẹ́, á máa wo ẹnu wọn.

Ohùn ni Bàbá ní. Àwọn ni ládàánì mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin lápá ibi tí mò ń gbé. Èmi tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn Bàbá ló ń jí mi láàárọ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n gbé omi kaná. Àwọn ará Kabúà tó máa ń sùn sí ìlú wa kí wọ́n lè tètè dé ọjà máa ń sọ pé ìpè ìrun Ṣábẹ̀ẹ́ yàtọ̀, pé ó ń wọ èèyàn lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí lábò ṣe rí, kí ohun tí mo ṣe lè yé yín.

Òfin pọ̀ níbẹ̀. A kì í jẹun nínú lábò, a kì í mumi. A kì í fi ẹnu fa ohunkóhun. Ìbọ̀wọ́ tó ti kan ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀wù funfun kò sì gbọ́dọ̀ bá wa délé. Ohunkóhun tí èèyàn bá dà láti inú ìgò kan sí òmíràn, ó gbọ́dọ̀ lẹ orúkọ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Èyí tó wá le jù ni pé a ò gbọ́dọ̀ da oògùn sínú ìgò omi mímu láéláé, ì báà jẹ́ orúkọ ogún lèèyàn lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo mọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́, mo sì yege. Ẹ má ṣe rò pé àìmọ̀ ló ṣe mí.

Lẹ́nu ọ̀nà lábò wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré kan wà tí a ti máa ń bọ́ ẹ̀wù funfun kọ́. Ibẹ̀ kì í ṣe inú lábò. Ó ní fèrèsé kan. Lóṣù ààwẹ̀, bí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ bá bọ́ sí Bàbá lọ́wọ́, orí fèrèsé yẹn ni wọ́n máa ń gbé ìgò omi wọn sí pẹ̀lú dàbínù díẹ̀ nínú ọ̀rá. Bí àkókò ìṣínu bá tó, wọ́n á bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n á bọ́ ẹ̀wù, wọ́n á fọ ọwọ́ dáadáa, wọ́n á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á mumi, wọ́n á jẹ dàbínù, wọ́n á sì lọ kírun lẹ́yìn ilé. Bàbá ò rú òfin kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ohun tí gbogbo ayé gbọ́ kọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, nínú oṣù ààwẹ̀, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ bọ́ sí Bàbá lọ́wọ́, ooru sì mú gan-an. Àwọn òkè olókùúta tó yí wa ká ti gba oòrùn láti àárọ̀, wọ́n wá ń tú u padà sí wa lára. Ó ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ìgò ẹ̀jẹ̀ kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Jafẹ́lì la fi ń pa kòkòrò inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Jafẹ́lì tiwa kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà lọ́jà fi fọ aṣọ funfun. Èyí le, inú bídọ́ọ̀ ńlá ló máa ń wà, a sì gbọ́dọ̀ fi omi là á kí a tó lò ó.

Ìdérí bídọ́ọ̀ náà ti sán. Bí èèyàn bá gbé e, á máa dà sí i lára. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ike tí a fi ń pò ó. Mo wá yọ ìgò omi oníke tí mo ti mu tán nínú báàgì mi, mo da jafẹ́lì tó le yẹn sínú rẹ̀, mo sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ pa ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀. Èyí tó kù wà nínú ìgò. Mo ní màá lẹ orúkọ mọ́ ọn.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ké sí mi láti ọ̀dọ̀ àwọn aboyún pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára obìnrin kan, kí n sáré wá mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fún un. Mo sáré jáde tòun ti ìgò lọ́wọ́. Mo gbé e sórí fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n lè ráyè bọ́ ẹ̀wù, mo kọ́ ẹ̀wù, mo sì lọ. Mo ní tí mo bá padà dé.

Mo padà dé, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà, mo gbàgbé pátápátá. Obìnrin náà yè. Mo máa ń fi ìyẹn tu ara mi nínú, ṣùgbọ́n kò tù mí nínú púpọ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, ẹni tó ń dúró fún Bàbá ní mọ́ṣáláṣí ló pè é. Mo gbọ́ tí Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí pé ẹni náà máa ń sáré jù. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, “Bìsìmílàhì.” Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ igbe kan tí kò jọ igbe èèyàn.

Òórùn jafẹ́lì wà lára wa lójoojúmọ́, imú wa ò kà á sí mọ́. Ẹni tí omi ò kan ètè rẹ̀ láti ìdájí kì í sì í fi ìgò sí imú kó tó gbé e sẹ́nu. Bàbá ti gbé e mì kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n sì fi ikọ́ fà á sí ọ̀nà ọ̀fun.

Mo sáré sí wọn. Mo fi omi yọ ẹnu wọn, n kò jẹ́ kí wọ́n bì í, torí pé bó bá tún gba ọ̀fun kọjá, á tún jó wọn ni. Mo kígbe, àwọn èèyàn dé, wọ́n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni mo ṣe, títí dé ibẹ̀ yẹn.

Nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ tán, ó ku èmi nìkan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgò tèmi wà nílẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà tán. Mo gbójú sókè wo fèrèsé. Ìgò Bàbá wà níbẹ̀, ó kún, wọn ò tíì ṣí i, dàbínù wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irú ìgò kan náà ni, ilé ìtajà kan náà ni gbogbo wa ti ń rà á.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá wa tó ń bọ̀.

Mo ṣí ìgò Bàbá, mo da omi wọn nù, mo sì ki ìgò òfìfo náà sínú báàgì mi. Ẹ jọ̀ọ́, ó máa ń wù mí kí n sọ pé n kò ronú, pé ọwọ́ mi ló ṣe é. Irọ́ ni. Mo ronú. Mo ronú pé bí wọ́n bá rí ìgò méjì, wọ́n á béèrè ẹni tó ni èkejì. Mo ronú iṣẹ́ mi. Mo ronú ohun tí wọ́n máa sọ ní Pọbẹ̀. Èèyàn lè ro nǹkan púpọ̀ kí omi ìgò kan tó dà tán.

Ọ̀gá dé, ó rí ìgò kan. Ó bi mí pé ìgò ta ni. Mo ní, “Ìgò Bàbá ni.” Kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo dúró sí, bóyá ojú ò bá má tì mí tó báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, a lọ kí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá wà níbẹ̀, ìyàwó Bàbá wà níbẹ̀. Bàbá wò mí, wọ́n sì rọra sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ọmọ mi, ta ló da jafẹ́lì sínú ìgò mi?”

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà ni. Ẹ dà á sínú rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ní ẹ fẹ́ fi nu tábìlì. Mo rí yín. Ààwẹ̀ ló jẹ́ kí ẹ gbàgbé.”

Mo rí i lójú Bàbá pé wọ́n ń wá ọ̀sán yẹn kiri nínú orí wọn, wọn ò sì rí i. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Bó o bá ní o rí mi, á jẹ́ pé mo ṣe é. Ìwọ ò ní purọ́ mọ́ mi.”

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣe é kó mọ́.

Ọ̀fun Bàbá san, ṣùgbọ́n ohùn wọn ò padà. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, ẹ máa rò pé ẹnì kan ń wọ́ àpò ìrẹsì lórí símẹ́ǹtì ni. Wọn ò pe ìrun mọ́ láti ìgbà náà. Bí mo bá gbọ́ ìpè láàárọ̀, tí kì í ṣe tiwọn, màá fi ìrọ̀rí bo etí.

Ohùn nìkan kọ́ ni mo gbà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá ní àgbàlagbà tó ti ń gbàgbé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi Bàbá sí, kí wọ́n máa to àwọn aláìsàn, títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bàbá gbà, wọn ò jiyàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara wọn. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á tún padà wá wò ó, wọ́n á bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé mo ti tì í?” Èmi ni wọ́n ń bi o, nínú gbogbo èèyàn!

Nígbà tó yá, ìyàwó wọn sọ fún mi lọ́jà pé òun kì í jẹ́ kí Bàbá dá iná mọ́, òun ti kó oògùn ilé pa mọ́ fún wọn. Ó ní Bàbá fúnra wọn ló mú kọ́kọ́rọ́ mọ́ṣáláṣí lọ fún lèmọ́mù, wọ́n ní orí àwọn ò pé mọ́. Obìnrin náà ń sunkún, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé bí kì í bá ṣe tèmi tí mo rí wọn lọ́jọ́ náà, àwọn ò bá má mọ̀ pé àìsàn ìgbàgbé ti wọlé. Mo bá a pa tòmátì rẹ̀ mọ́ sínú apẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Láti ìgbà náà ni mo ti di ẹni tó le ju gbogbo wọn lọ lórí òfin. Bí mo bá rí ìgò tí kò lórúkọ, ẹnu mi ò ní dákẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Madamu Etikẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè mí lábò, torí pé gbogbo nǹkan ni mò ń lẹ ìwé orúkọ mọ́. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń yìn mí náà. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe máa ṣọ́ra. Ṣé ẹ mọ ìtàn tí mo fi ń kọ́ wọn? Ìtàn Bàbá Lámídì ni. Mo máa ń sọ pé, “Bàbá kan wà níbí tó da jafẹ́lì sínú ìgò ara rẹ̀, tó gbàgbé, tó sì mu ún.” Àwọn tuntun á mirí, wọ́n á káàánú bàbá náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jókòó dá mi lẹ́jọ́. Ó ku díẹ̀.

Àwọn ọmọ Bàbá ti dàgbà. Wọ́n kó ara wọn jọ láti rán bàbá wọn lọ sí Mẹ́kà. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ń ka èyí mọ̀ pé ẹni tó bá ń lọ á kọ́kọ́ yí ká lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, kó má bàa gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni dání lọ síwájú Ọlọ́run. Ìyẹn ló gbé Bàbá dé ilé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ràfíù, àkọ́bí wọn, di ọwọ́ wọn mú wọlé.

Ọkọ mi gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀! Bàbá tó tó bí mi lọ́mọ! Mo dì wọ́n mú.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo kó yín sí wàhálà lọ́jọ́ tí mo gbàgbé yẹn. Wọ́n bi ọ́ léèrè, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fìyà jẹ gbogbo yín nítorí mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ṣé nǹkan kan wà láàárín wa?”

Ilẹ̀kùn ni Ọlọ́run ṣí sílẹ̀ fún mi yẹn. Ọkọ mi ń wò mí. Ràfíù ń wò mí. Àwọn ọmọ mi wà nínú yàrá.

Mo ní, “Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Mo ti dárí jì yín.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dárí ji ẹni tí mo ṣẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ṣàdúrà fún mi àti fún àwọn ọmọ mi, pẹ̀lú ohùn tí mo bàjẹ́ fún wọn yẹn. Mo sì ṣe àmín.

Bí wọ́n ṣe ń lọ, Ràfíù sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé òun náà ń bá wọn lọ, gbèsè ni òun tilẹ̀ fi san tòun. Ó ní Bàbá ò gbà láti dá lọ. Bàbá ní ẹni tó mu ohun tí òun fúnra rẹ̀ dà, báwo ló ṣe máa rí ọ̀nà láàárín èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ọkọ mi ti ilẹ̀kùn, ó ní, “Èèyàn rere ni bàbá yẹn.” Mo lọ sílé ìwẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹkún mi.

Mo ti gbìyànjú. Mo lọ sí ilé Bàbá lọ́jọ́ Sátidé. Èrò kún ibẹ̀, wọ́n wá kí wọn pé ọ̀nà á dáa. Ìyàwó wọn bu oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́, mo dìde, mo sì padà sílé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó ti ń bá mi bọ̀, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láìpẹ́, ọkọ̀ wọn máa gbéra lọ Kútọnu, wọ́n á sì wọ bàálù.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ sọ fún wọn kí wọ́n tó lọ, kí n sì da ọkàn wọn rú níwájú ìrìn àjò tí wọ́n ti ń tọrọ láti ìgbà èwe? Àbí kí n dúró kí wọ́n dé? Wọ́n ti dàgbà, bí wọn ò bá dé ńkọ́? Bí wọ́n bá sì gbọ́, ṣé wọ́n á lè dárí jì mí? Ọ̀gá mi á gbọ́, ọkọ mi á gbọ́, bóyá iṣẹ́ mi á lọ. N kò ní bẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn mọ́. Ohun tó tọ́ sí mi ni.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí àárín yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi dáhùn èyí: ẹni tó yí ká tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ta ló máa gbé ẹ̀ṣẹ̀ yẹn rù dé Mẹ́kà?

Bí ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dáhùn, ẹ rántí pé bàbá kan wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ lónìí tó ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó má ṣe jọ̀wọ́ ọwọ́ òun láàárín èrò, bẹ́ẹ̀ ni orí bàbá náà pé. Ó pé. Kò gbàgbé nǹkan kan rí.